Ẹ̀gbọ́n Mi Wá Mú Ìyá Wa Lórí Òkè Àkàlà

Mi ò mutí rí láyé mi. Èyí ni mo fi ṣáájú, torí òun ni àwọn ọmọ ilé wa kọ́kọ́ bi mí. Mi ò mutí, ojú mi ò ṣú, oorun ò kùn mí, ebi ò sì pa mí débi tí èèyàn fi ń rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i, oòrùn sì wà láàrin orí. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó gbà á. Ẹni tí kò bá fẹ́, ọ̀nà òkè náà ṣì wà níbẹ̀, kó lọ gùn ún fúnra rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ o. Mi ò lè sáré sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ náà ò sáré wá bá mi.

Láàrin Ifọ̀ àti Mowe, tí ẹ bá gba ọ̀nà inú, ẹ ó rí òkè kan tó dá dúró láàrin ilẹ̀ pupa. Òkè Àkàlà là ń pè é. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ ò lè rí i láti ojú ọ̀nà. Igbó ló bò ó. Ìrókò wà níbẹ̀, ọ̀pẹ wà níbẹ̀, igi àgbálùmọ̀ kan sì wà lẹ́yìn ilé wa tí àwa ọmọdé ń tìtorí rẹ̀ lu ara wa. Lónìí, ẹ ó rí òkè náà láti ọ̀nà jíjìn réré, torí kò sí nǹkan mìíràn tí ẹ fẹ́ rí.

Àwọn tó ń wa yẹ̀pẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́ sórí àbàtà lápá Arepo àti Ibafo, níbo lẹ rò pé wọ́n ti ń rí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi ń dí àbàtà? Ilẹ̀ wa ni. Katapílà ń wà, típà ń kó, ọdún ń gorí ọdún. Wọ́n wa apá ọ̀tún, wọ́n wa apá òsì, wọ́n wà á títí ilẹ̀ fi di kòtò gbẹrẹgẹdẹ tí koríko kan ò hù nínú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ síbẹ̀, ilẹ̀ ò mu ún, ó kàn ń ṣàn lọ ni. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á máa jó kiri bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Aṣálẹ̀ ni. Ẹ má bá mi wá orúkọ mìíràn fún un. Aṣálẹ̀ tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni.

Àárín aṣálẹ̀ yìí ni orí òkè náà ṣẹ́ kù sí, ó rí ṣóńṣó, ó pupa, ó dá wà. Wọn ò tíì wa òun nítorí tèmi. Èmi ni àgbà ilé. Láìsí ìka mi lórí ìwé, kò sẹ́ni tó lè tà á.

Ìyá mi ló wà lórí rẹ̀. Kò sí ìdí mìíràn.

Ibẹ̀ ni ilé bàbá wa wà tẹ́lẹ̀. Ilé ti wó, a sì ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ifọ̀. Àmọ́ ẹ̀yìn yàrá ìyá mi la sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Súlè, ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Súlè fún yín, torí òun ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Àwa méjì ni ìyá wa bí tó yè. Awakọ̀ ni Súlè. Ó ga, ó dúdú, ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀, kì í pariwo. Ó ń kó obì lọ sí Kánò. Nígbà tó yá, ó ń bá àwọn awakọ̀ kan gba Kánò kọjá lọ sí Àgádẹ́sì, nínú aṣálẹ̀ gidi, èyí tí Ọlọ́run dá. Ibẹ̀ ló kú sí. Wọ́n ní ibà ni. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Ní báyìí, èmi àbúrò rẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ará Kánò kan tí wọ́n jọ ń wakọ̀ ló wá sọ fún wa. Ó ní ẹsẹ̀ òkè kan làwọn sin ín sí, òkè olókùúta tó dá dúró bí eyín kan ṣoṣo lẹ́nu arúgbó, kò sígi, kò sómi, iyanrìn ló yí i ká títí ojú fi máa rẹ èèyàn. Ó wá gbé agolo mílíìkì kékeré kan lé ìyá mi lọ́wọ́. Irun Súlè àti èékánná rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ mọ àṣà wa. Ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀ tí a ò lè gbé wálé, irun àti èékánná rẹ̀ là ń sin sílé, kó má baà ṣìnà. Ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ sin ín. Nígbà tí ọjọ́ tirẹ̀ náà pé, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ Súlè ni kó o tẹ́ mi sí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí mi nídìí níbẹ̀." Mo ní mo gbọ́. Èmi ni mo tẹ́ ẹ síbẹ̀.

Ó wá di ọyẹ́ tó kọjá yìí. Wàídì, ọmọ ọbàkan mi, tó ń ta ilẹ̀ ní Arepo, wá bá mi nílé.

"Bàbá, òkè yẹn ò wúlò fún nǹkan kan mọ́. Ewúrẹ́ gan-an ò lè gùn ún."

"Ṣé ewúrẹ́ ló ni ín ni?"

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Àwọn tó fẹ́ rà á láwọn á bá wa kó Ìyá lọ síbi tó dáa. Wọ́n á rẹ́ simẹ́ńtì sí i, wọ́n á kọ orúkọ Ìyá sí i."

"Èmi náà ńkọ́? Tí mo bá kú, típà wo lo máa fi gbé mi kiri?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Háà, Bàbá!" Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n rò ó di ọjọ́ Jímọ̀, kí gbogbo ilé pé jọ, kí ọ̀rọ̀ náà lè parí. Ọmọ dáadáa ni Wàídì. Wọn ò tíì bí i nígbà tí ìyá mi wà láyé, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Alárùúbá, mo ní kí n lọ fojú ara mi wo ibojì náà. Mo mú ọ̀pá mi, mo mú omi sínú ike, mo mú obì àbàtà kan. Ọlọ́kadà já mi sí etí kòtò, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Ṣẹ́gun tó ń wa katapílà wà níbẹ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, láti Ibafo ló ti ń wá. Ó ti pa ẹ́ńjìnnì, ó ń jẹun lábẹ́ ìbòòji rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ rọra gùn ún o, etí rẹ̀ ń ya."

"Ta ló ń yà á?"

Ó bojú wolẹ̀. "Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi, Bàbá. Ẹ má bínú."

Mo gùn ún. Mo sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó débẹ̀. Nígbà tí mo dókè, oòrùn ti wà láàrin orí, òjìji mi sì ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ilẹ̀ pupa ni títí dé ibi tí eruku ti dí ojú. Ẹ gbà mí gbọ́, ìbẹ̀rù kankan ò sí lára mi nígbà náà. Inú ló ń bí mi.

Mo gbá ibojì ìyá mi. Mo wọ́n omi sí i. Mo wá pa obì.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe rèé o, ẹ fetí sílẹ̀. Nílé wa, bí obì bá délẹ̀, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Ìyá mi ò jẹ́ kí n fẹnu kan nǹkan rí kí Súlè tó mú tirẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí mo bá gun òkè yìí, mo máa ń gbé awẹ́ kan sílẹ̀ fún un, níbi tí irun rẹ̀ wà. Ilẹ̀ ni mo máa ń gbé e sí. Lọ́jọ́ náà, eruku pọ̀ nílẹ̀. Mo ní kí obì má baà dọ̀tí. Mo na ọwọ́, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú."

Ẹnì kan mú un.

Ìka kan kan àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó gbẹ, ó gbóná bí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tó wà lórí iná. Mo gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"O ṣé, àbúrò."

Mi ò kígbe. Èmi náà ò mọ ìdí tí mi ò fi kígbe. Mo rọra gbé ojú sókè.

Súlè ni. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n náà ni, kò fi ọjọ́ kan lé e. Ó wọ bùbá tó ti ṣá, ó fi aṣọ wé orí bí àwọn ará Àgádẹ́sì ti ń wé e, eruku sì bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó dúró, òjìji kankan ò sí nílẹ̀ fún un. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀sán gangan ni, tèmi náà ò kúkú hàn. Mo wá wo ilẹ̀ tó tẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wà nínú eruku níbi gbogbo tí mo ti rìn. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ò sí níbì kan.

Ó bi mí pé, "Ṣé ilé nìyí?"

"Ilé ni, ẹ̀gbọ́n."

"Irọ́ ni. Ibi tí mo sùn sí, òkè kan, iyanrìn. Mo jí, mo rìn títí, mo débí. Òkè kan, iyanrìn. Ibo ni igi àgbálùmọ̀ wà?"

Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n wí? Mo nawọ́ sí ibi tí igi náà ti wà rí.

Ó wá sí mi lọ́kàn pé ohunkóhun lè gbé ojú ẹ̀gbọ́n ẹni wọ̀. Mo ní kí n dán an wò. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo ní, "Ta ló fọ́ àtùpà Bàbá?"

"Ìwọ ni. Èmi ni mo jẹ ẹgba rẹ̀."

Òótọ́ ni. Ọlọ́run ló gbọ́, èmi ni mo fọ́ ọ, òun ló ní òun ni. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ìyàwó mi gan-an ò gbọ́ ọ títí ó fi kú. Omi lé sí mi lójú. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tó sọ tẹ̀ lé e ló dá mi dúró.

"Ìyá ni mo wá mú."

"Lọ síbo?"

"Lọ sọ́dọ̀ mi. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wa ilẹ̀. Èmi á máa ṣọ́ ọ. Níbí ńkọ́? Ẹ ti jẹ gbogbo ilẹ̀ tán, ó ku ìdí rẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ náà dùn mí torí kò purọ́. Mo wo kòtò tó yí wa ká. Àmọ́ ìyá mi ò sọ pé Àgádẹ́sì. Ẹ̀yìn yàrá òun ló sọ.

Mo ní, "Ẹ máà bínú, ẹ̀gbọ́n. Ìyá ò ní lọ."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Iyanrìn ń jò díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu ọwọ́ bùbá rẹ̀, iyanrìn funfun lẹ́búlẹ́bú, kì í ṣe irú tiwa.

"Dọ̀bálẹ̀," ó wí, "kí n súre fún ọ, kí n máa mú un lọ."

Ẹni tí kò dàgbà nílé wa lè má mọ ohun tó ń béèrè. Bí àgbà bá sọ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nílé wa, tí àbúrò bá dọ̀bálẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àbúrò ti gbà. Kò tún lè yí i padà láéláé. Láti kékeré, mo ti dọ̀bálẹ̀ fún Súlè lórí ohun gbogbo. Mi ò kọ̀ fún un rí.

Orúnkún mi ti ń tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, kì í ṣe èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjì tì léjìká. Ojú mi ti ń sún mọ́ ilẹ̀. Mo rí ibojì ìyá mi nítòsí. Mo rántí ọwọ́ tó fi dì mí mú.

Ni mo bá jókòó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí mo ṣe yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ìdúró, ó ní kí n dọ̀bálẹ̀, mo fìdí jókòó níwájú rẹ̀. Kì í ṣe pé mo jókòó nìkan. Mo na ẹsẹ̀ mi gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì náà, mo fi ọ̀pá mi dábùú itan, bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀.

Mo ní, "Súlè, èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ yìí. Ìwọ ò sí níbẹ̀. Èmi ni mo wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí kò lè rìn mọ́. Orúkọ rẹ ló ń pè, èmi ló sì ń dáhùn. Àwọn ẹlẹ́rọ ò ní wà á, ìwọ náà ò ní mú un. Tó o bá fẹ́ ìyá, jókòó tì wá níbí. Àyè wà."

Mi ò dìde. Mo sọ ọ́ tán.

Inú ò bí i, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Ó wò mí bí ẹni tó ń wá ọmọ kékeré kan tó mọ̀ nínú ojú arúgbó.

"O ti gbó o, àbúrò," ó wí.

Ni òòyì bá gbéra láti inú kòtò, ó gòkè wá, eruku pupa bò wá mọ́lẹ̀. Mo di ojú. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì lé orí ibojì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń ké Lá ìláhà ìllà Láhù. Mo gbọ́ tí ẹnì kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìrìn rẹ̀ falẹ̀. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀.

Súlè kì í wọ́ ẹsẹ̀.

Nígbà tí eruku lọ, èmi nìkan ló kù. Ibojì ìyá mi ti rì wọlẹ̀, ó jìn tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Iyanrìn funfun lẹ́búlẹ́bú wà lójú rẹ̀.

Bí mo ti sọ̀ kalẹ̀, mi ò lè ròyìn rẹ̀. Nígbà tí mo débi katapílà, Ṣẹ́gun ti wà ní ìdúró, oúnjẹ rẹ̀ ti dà sílẹ̀. Ó ń wo ẹ̀yìn mi.

"Bàbá, mọ́mì yẹn ńkọ́?"

"Mọ́mì wo?"

"Ìyá arúgbó yẹn. Òun àti bọ̀ọ̀dá gíga kan. Wọ́n gba ẹ̀yìn òkè sọ̀ kalẹ̀ nínú eruku. Bọ̀ọ̀dá yẹn dì wọ́n lọ́wọ́ mú." Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn òkè. "Màmá yẹn ṣáà ń bojú wẹ̀yìn."

Mo sọ fún un pé èmi nìkan ni mo gun òkè. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára ẹ̀rọ, ó gba ọ̀nà Mowe lọ. Ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wá ní ọjọ́ kejì.

Nígbà tó di Jímọ̀, ilé pé. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ti rò ó fún yín yìí. Àwọn kan fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Wàídì ò rẹ́rìn-ín. Ó ronú, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó gún mi lọ́kàn.

"Bàbá, mo gbà yín gbọ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Ìyá ti lọ. Òkè ti ṣófo. Kí lẹ wá ń ṣọ́?"

Gbogbo ilé yíjú sí mi.

"Àbí ẹ̀yin lẹ ń purọ́ fún wa," ó tún wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "kí òkè má baà lọ? Tó bá jẹ́ irọ́ ni, ẹ sọ, a ò ní bínú. Ìyá ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn."

Ṣé ẹ rí pàkúté tí ọmọ náà dẹ? Tí mo bá ní mo rí Súlè, òkè lọ. Tí mo bá ní mi ò rí i, mo di òpùrọ́ lójú gbogbo ilé, mo sì tún sẹ́ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ ẹgba nítorí mi.

Ẹlòmíràn ní kí a kúkú gbẹ́ ẹ wò, kí gbogbo wa lè mọ̀.

Mo dìde. Mo ní, "Mo rí i. Gbogbo ohun tí mo sọ ni mo rí. Mi ò sì ní fọwọ́ sí i. Ẹni tó rìnrìn àjò ò ní kí wọ́n wó ilé òun. Ẹni tó bá sì fi ọkọ́ kan ibojì yẹn láti wo ẹni tó wà nínú rẹ̀, kó kọ́kọ́ gbẹ́ tèmi."

Mo jáde síta. Wọn ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa láti ọjọ́ náà.

Ṣé ó wà níbẹ̀, ṣé kò sí níbẹ̀? Mi ò mọ̀. Àwọn kan ní etí òkè tó ń ya ló jẹ́ kí ibojì rì, wọ́n ní ara típà ni iyanrìn funfun ti dà. Ó ṣeé ṣe. Kí n má tàn yín, oorun ò fi bẹ́ẹ̀ kùn mí mọ́ lóru. Síbẹ̀, bí ara bá gbà mí, mo máa ń gun òkè náà lọ́sàn-án gangan, mo máa ń jókòó, mo sì máa ń na ẹsẹ̀ mi gbọọrọ. Títí di òní, òkè ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ifọ̀ sí Mowe, ìkìlọ̀ mi rèé. Bí ẹ bá rí ọkùnrin gíga kan tó wé orí, tó di arúgbó obìnrin lọ́wọ́ mú nígbà tí oòrùn wà láàrin orí, tó sì ní kí ẹ júwe ọ̀nà òkè kan tí iyanrìn yí ká fún òun, ẹ má dá a lóhùn. Bó ti wù kó jọ ọmọlúàbí tó, ẹ má kí i, ẹ má sì gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Obìnrin náà nìkan ni kí ẹ kí. Ẹ sọ fún un pé ilé rẹ̀ ṣì dúró. Ẹ ní àbíkẹ́yìn rẹ̀ ò tíì fọwọ́ sí i.